Bí ẹ ṣe lè jà fún ojú-ọjọ́ láti àdúgbò yín

Ẹ gbọ́ lórí rédíò pé ọdún 2024 ló gbóná jù lọ látìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wọn ooru ayé. Ẹ gbọ́ pé òun ni ọdún àkọ́kọ́ tí ooru rẹ̀ fi ìwọ̀n 1.5°C ju ti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kò tíì gbòde, àti pé 1.5 yìí gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè jókòó ní Paris lọ́dún 2015 tí wọ́n ní àwọn á sapá kí ayé má kọjá. Ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ wo ọwọ́ yín méjèèjì, ẹ ò rí ohun tí ẹ lè fi wọ́n ṣe. Ẹ pa rédíò.

Mo ti wà níbẹ̀ rí. Ohun tó gbé mi kúrò níbẹ̀ ni pé mo wá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń da ojú-ọjọ́ rú, àti ọ̀pọ̀ nínú ohun tó lè gbà wá lọ́wọ́ ìyà rẹ̀, kì í ṣe olórí orílẹ̀-èdè ló ń pinnu wọn. Ẹnì kan tó jókòó sí ọ́fíìsì tí kò jìnnà sílé yín ló ń pinnu wọn: ibi tí bọ́ọ̀sì máa gbà, igi tí wọ́n máa gé nítorí títì, bí gọ́tà ṣe máa fẹ̀ tó, ibi tí ìdọ̀tí ń lọ, ohun tí wọ́n máa fi bo òrùlé ilé-ìwé. Àwọn onímọ̀ IPCC, àjọ àgbáyé tó ń yẹ ìwádìí nípa ojú-ọjọ́ wò, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ìdá 67 sí 72 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì tó ń mú ayé gbóná ló jẹ́ ti àwọn ìlú. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì yẹn ní ọ̀gá, ó ní ètò ìsúná, ó sì ní tábìlì tí èèyàn lè gbé lẹ́tà lé.

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo

Ẹni tó bá bi mí léèrè, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó má jà fún “ojú-ọjọ́”. Kó jà fún ibùdókọ̀ kan. Tàbí gọ́tà kan. Tàbí ogún igi. Bí ẹ bá ní ẹ ń jà fún ojú-ọjọ́, gbogbo èèyàn á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ ohun tó yẹ kóun ṣe tó bá di ọjọ́ Ajé.

Ẹ wo ohun tó ń dùn yín jù, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta nípa rẹ̀. Ṣé mo lè nàka sí i? Ṣé ọ́fíìsì kan wà nítòsí tó láṣẹ láti yí i padà? Ṣé màá mọ̀ láàárín ọdún kan bóyá ó yí padà tàbí kò yí? Bí ìdáhùn ọ̀kan bá jẹ́ rárá, ẹ gé ọ̀rọ̀ náà kéré sí i títí tó fi máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí pín sí. Ọ̀kan ni pé kí gáàsì tó ń jáde dín kù, ìkejì ni pé kí a múra de ohun tó ti dé bá wa. Ìdọ̀tí wà nínú ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn kì í kà á kún. Àjẹkù oúnjẹ àti koríko tó bá ń jẹrà nísàlẹ̀ òkìtì ìdọ̀tí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní methane ló ń tú jáde. Láàárín ogún ọdún, methane ń mú ayé gbóná ju carbon dioxide, gáàsì tó ń jáde tí a bá sun epo tàbí igi, tí ìwọ̀n wọn jọ dọ́gba lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80. Àdúgbò tó bá ń ya ohun jíjẹrà sọ́tọ̀, tó ń sọ ọ́ di ajílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, bí kò tilẹ̀ sí kámẹ́rà tó máa wá yà á.

Ti ìkejì, ẹ wo Ahmedabad ní Íńdíà. Ooru pa ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ lọ́dún 2010. Wọn kò dúró de ìpàdé àgbáyé kankan. Nígbà tó fi máa di 2013, ìlú náà ti ní ètò tirẹ̀: ìkìlọ̀ tó ń ṣáájú ooru dé, àwọn oníṣègùn tí wọ́n kọ́ ní bí ooru ṣe ń pa èèyàn, omi mímu níta gbangba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà funfun kun òrùlé àwọn tí kò rí jájẹ, kí oòrùn lè ta padà. Àwọn ìlú mìíràn ní Íńdíà wá ń kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn.

Kí n tó kúrò níbí: ẹnì kan á sọ fún yín pé ẹ kọ́kọ́ lọ tún ilé ara yín ṣe, ṣebí ẹ̀yin náà ń wọ ọkọ̀. Ẹ má dá a lóhùn. Ó dáa kí èèyàn dín tirẹ̀ kù, àmọ́ ẹ rántí pé ilé-iṣẹ́ epo BP wà lára àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ kí kálukú máa ṣírò gáàsì tirẹ̀ di ohun tó gbòde ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ó wu ẹni tó ń ta epo kí ẹ máa wo ẹsẹ̀ ara yín.

Ta ló ni ín?

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé mi nípa igi, ojú ìwé mẹ́rin ni. Èmi fúnra mi kà á, ó dùn mọ́ mi. Mo fi oṣù mẹ́ta dúró de èsì. Nígbà tí mo wá fẹsẹ̀ ara mi lọ, obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwa kọ́ la ni ẹ̀gbẹ́ títì yẹn. Àwọn tó ni títì náà ló ni igi tó wà létí rẹ̀. Ẹ kọjá sí òdìkejì ọgbà.” Oṣù mẹ́ta, ọgbà kan náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wádìí ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó ni títì, ẹni tó ni gọ́tà. Ó lè jẹ́ ọ́fíìsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo àkọlé tó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti akọ̀wé kékeré mọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, ẹ kí wọn dáadáa. Orúkọ ipò ni kí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ má kọ orúkọ èèyàn nìkan, torí wọ́n lè gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́la.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wádìí oṣù tí wọ́n ń ṣe ètò ìsúná. Mo rò pé ibí ni ọ̀pọ̀ ìjà rere ti ń kú. Owó ọdún tó ń bọ̀, ọdún yìí ni wọ́n ti ń pín in. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọ́n á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n á sì sọ òótọ́ fún un pé kò sówó. Ẹ ka oṣù mẹ́rin sẹ́yìn láti oṣù ìsúná, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìlú kan tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí ará ìlú pinnu ohun tí wọ́n máa fi apá kan owó náà ṣe. Porto Alegre ní Brazil ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1989, ó sì ti tàn káàkiri ayé. Ẹ béèrè bóyá ó wà níbi tí ẹ wà.

Ẹ béèrè bákan náà bóyá òfin wà tó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba. Ó wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Yúróòpù, àdéhùn Aarhus ti ọdún 1998 sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ará ìlú láti mọ ohun tó ń lọ nípa àyíká rẹ̀. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà, ìbéèrè tó lọ ní kíkọ níye lórí ju ìbéèrè ẹnu lọ, torí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a lóhùn láàárín iye ọjọ́ tí òfin dá.

Ẹ lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú lẹ́ẹ̀kan láì sọ ohunkóhun. Ẹ kàn jókòó. Ẹ wo ẹni tí àwọn yòókù ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó dìbò.

Ẹ kó ẹ̀rí jọ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ibùdókọ̀ kan tí kò ní igi, tí kò ní òrùlé, ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ wá ìwé kékeré kan àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ẹ má gbé ẹ̀rọ náà sínú oòrùn gan-an, torí ooru ara ẹ̀rọ ló máa kọ, kò ní kọ ti afẹ́fẹ́. Ẹ fi páálí funfun ṣíji bò ó, ní gíga àyà, kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Ẹ wọn ti abẹ́ igi tó bá súnmọ́ ibẹ̀ jù ní àkókò kan náà.

Ó ṣeé ṣe kí èsì rẹ̀ já yín kulẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ooru afẹ́fẹ́ abẹ́ igi kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìta. Ohun tí igi ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ jù ni oòrùn tó ń ta sí wa lára ní tààrà, àti ilẹ̀ tó gbóná tó ń da ooru rẹ̀ lù wá láti ìsàlẹ̀. Ẹ wọn ilẹ̀ náà, ẹ wọn irin ìjókòó. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń na sí nǹkan láì fọwọ́ kàn án, ó jọ èyí tí wọ́n ń na síwájú orí wa nígbà Kòrónà. Àmọ́ ti ohun èlò ni kí ẹ wá, ẹ má lo ti èèyàn, torí ti èèyàn kì í ka iye tó ga ju ooru ara lọ púpọ̀.

Ẹ lọ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, iye, bí ojú ọ̀run ṣe rí. Ọjọ́ tí ẹ kò bá lọ, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò lọ. Ẹ má fi iye àfọkànrò dí i, torí ọjọ́ tí ẹnì kan bá ká yín mọ́ iye irọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ìwé náà ti di irọ́ nìyẹn.

Ẹ ka èèyàn pẹ̀lú. Mélòó ló dúró? Àgbàlagbà mélòó, aboyún mélòó, ọmọdé mélòó? Ibo ni wọ́n dúró sí? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo kàn fi kún un, òun ló sì sanwó jù. Lọ́jọ́ kejì tí mo jókòó síbẹ̀, mo rí èèyàn mẹ́sàn-án tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, mo rò pé bọ́ọ̀sì ló ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì kankan kò bọ̀. Òjìji òpó iná ni wọ́n tò sí, òjìji kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju èjìká èèyàn lọ. Bí oòrùn ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni ìlà náà ń sún díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ojú ẹnikẹ́ni má hàn. Gbogbo iye tí mo kọ sínú ìwé kò ṣe tó ohun tí fọ́tò yẹn ṣe.

Bó bá jẹ́ omi ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi ọ̀dà ṣàmì sára ògiri níbi tí omi dé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì tí kì í dé, ẹ kọ wákàtí tí wọ́n ní ó máa dé àti wákàtí tó dé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá èèyàn márùn-ún

Àádọ́ta èèyàn nínú gúrúùpù WhatsApp kò tó èèyàn márùn-ún tó máa ń wá. Nínú márùn-ún náà, ẹ wá ẹni tó lè kọ̀wé, ẹni tó mọ bí ọ́fíìsì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni tí àwọn aládùúgbò fẹ́ràn, àti ẹni tó máa ń sọ pé “èyí kò dá mi lójú”. Ẹ̀kẹrin yìí máa bí yín nínú, àmọ́ òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ dójú ti ara yín níta. Ẹ̀karùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìyà náà ń jẹ ní tààrà: ẹni tó ń tajà síbẹ̀, awakọ̀, ìyá tó ń mú ọmọ gba ibẹ̀ lọ. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ìpàdé kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ. Gúrúùpù ẹ̀rọ ayélujára wà fún ọjọ́, ìwé àti fọ́tò. Bó bá ti di ibi ìkíni òwúrọ̀ àti àwòrán òdòdó, ó ti kú. Bí owó bá wọlé, bó ti wù kó kéré mọ, ẹni méjì ni kó mọ̀ sí i, kí wọ́n sì máa kà á síta.

Olóṣèlú á wá. Kò burú kí ẹ gba ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣáà má wọ aṣọ tó ní orúkọ rẹ̀ lára.

Àwọn kan ò ní lè wá sí ìpàdé rárá. Wọ́n lè túmọ̀ ìwé sí èdè tí àdúgbò ń sọ, wọ́n lè bá ẹni tó lọ ṣọ́ ọmọ, wọ́n lè máa wọn ooru láti ojú fèrèsé wọn.

Lẹ́tà náà

Ojú ìwé kan. Ohun kan ni kí ẹ bèèrè. Ọjọ́ kan ni kí ẹ dá. Ẹ wo bí tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ti gbọ́n díẹ̀:

“Sí Olùdarí Ẹ̀ka Ojú Pópó. Àwa tí a ń wọ bọ́ọ̀sì níwájú ilé-ìwé àkọ́bẹ̀rẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ gbin igi mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ náà kí àkókò òjò tó ń bọ̀ tó parí. A ti wọn ooru ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìwé rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ yín. A ti bá olórí ilé-ìwé sọ̀rọ̀, ó gbà kí a máa bu omi fún igi náà láti inú ọgbà rẹ̀. Inú wa máa dùn bí ẹ bá lè dá ọjọ́ tí a ó jọ lọ wò ó.”

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn omi yẹn. Ohun tó máa ń ba òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́rù nínú igi ni bíbomi rin ín. A ti dáhùn ìbéèrè náà kó tó bi wá. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ wá ohun tó ń dẹ́rù ba ẹni tó máa fọwọ́ sí i, kí ẹ yanjú rẹ̀ fún un ṣáájú.

Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan, kí ẹ gbé ìyẹn padà sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ lọ béèrè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tútù béèrè, ẹ má fi sú yín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí wọ́n bá fún yín láyè láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ó lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ fi fọ́tò kan hàn. Ẹ má kọ́ wọn ní ìmọ̀ nípa yìnyín òkè ayé.

Bí wọn kò bá dáhùn

Ẹ gbé e sókè ní ìpele kan, kó má jẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: lẹ́tà sí ọ̀gá wọn, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí aládùúgbò buwọ́ lù, oníròyìn, lẹ́yìn náà ìwọ́de.

Wangari Maathai ti Kenya, tó dá Green Belt Movement, ẹgbẹ́ tó ń gbin igi, sílẹ̀ lọ́dún 1977, gbọ́ lọ́dún 1989 pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú Uhuru Park, ọgbà ìgbafẹ́ ará ìlú ní Nairobi. Lẹ́tà ló kọ́kọ́ fi jà. Ó kọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba, sí oníwèé ìròyìn, sí àwọn àjọ àgbáyé, títí dórí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bú u nílé aṣòfin. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ fowó sí iṣẹ́ náà fà sẹ́yìn, ilé náà kò sì dúró síbẹ̀ títí dòní. Ẹ̀bùn Nobel tó gbà dé lọ́dún 2004.

Ìwọ́de tó dára máa ń fi ohun tí ẹ ń fẹ́ han àwọn èèyàn. Lọ́dún 1974, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní Bogotá ní Colombia gba ojú pópó fún wákàtí díẹ̀, láì sí mọ́tò. Lónìí, ìjọba ìlú náà fúnra rẹ̀ ló ń ti ọ̀nà tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà pa lọ́jọ́ Ìsinmi fún oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Greta Thunberg, ọmọ ilé-ìwé tó ń jà fún ojú-ọjọ́, òun nìkan ló jókòó síwájú ilé aṣòfin Sweden ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, pẹ̀lú pátákó kan.

Ilé-ẹjọ́ ṣì wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ní Netherlands, Urgenda, àjọ tó ń jà fún àyíká, àti ará ìlú 886 pe ìjọba lẹ́jọ́ lọ́dún 2013 pé kò dín gáàsì kù tó, ọdún 2019 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù tó dá wọn láre tán. Àwọn ìyá àgbà ní Switzerland, tí wọ́n lé ní 2,000, borí ìjọba wọn ní ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láì ní agbẹjọ́rò tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ààbò yín ṣeré. Àjọ Global Witness ka èèyàn 196 tí wọ́n pa lọ́dún 2023 nítorí pé wọ́n dáàbò bo ilẹ̀ àti àyíká wọn. Ọ̀rọ̀ igi mẹ́fà kì í sábà débẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí olówó ń wò lè débẹ̀. Ẹ mọ ohun tí òfin sọ nípa ìwọ́de níbi tí ẹ wà. Ẹ má dá nìkan lọ ìpàdé tí ọkàn yín kò balẹ̀ sí. Ẹ má gbé fọ́tò ojú ẹlòmíràn síta láì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni ní olè nínú ìwé. Iṣẹ́ tí wọn kò ṣe ni kí ẹ kọ.

Bí wọ́n bá wá gbà

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń tú ká lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wò ó bóyá ó wọ inú ìwé ìsúná, pẹ̀lú iye owó níwájú rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni tó wà lẹ́nu kò tíì gbin igi kankan. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbìn ín, ẹ wà níbẹ̀, ẹ wo bí kòtò ṣe jìn tó, ẹ wò ó bóyá wọ́n tú ọ̀rá tó wé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò. Nínú mẹ́fà tiwa, méjì kú lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀rá wà lábẹ́ méjèèjì. Lẹ́tà mìíràn ló gbà kí a tó rí arọ́pò wọn, ojú ìwé ààbọ̀ péré.

Ẹ pín ọjọ́ omi láàárín ara yín fún ó kéré tán ọdún méjì, kí ẹ lẹ orúkọ mọ́ ibi tí gbogbo yín á máa rí i. Tí ó bá wá di oṣù kan náà lọ́dún kẹta, ẹ gbé ìwé kékeré yẹn padà lọ ní wákàtí tí ẹ máa ń lọ. Ẹ wọn ilẹ̀, ẹ wọn ìjókòó, ẹ ka èèyàn, kí ẹ sì tún kọ ibi tí wọ́n dúró sí.